ẸNI TÍ Ó NÍ KÍ ARÁ ODAWNA MÁA BỌ̀ WÁLÉ, KÍ Ó KỌ́KỌ́ TÚN ILÉ ṢE

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá dé pé wọ́n ti fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Accra, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ńlá ní ilé: pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá òfìfo ni ó ń pariwo. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ kò sọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá dé, kò sọ ibi tí wọn yóò ti rí owó òwò, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò san gbèsè ọjà tí wọn yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Odawna wà lẹ́bàá oríta ńlá tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè ní Accra, odò Odaw sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi ọjà ni, ibi ariwo ni, ibi tí ẹni tí kò ní ju tábìlì kan àti ìwọ̀nba fóònù àlòkù lọ ti lè bẹ̀rẹ̀ òwò. Kì í ṣe ibi ìrọ̀rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù June, 2015, àgbàrá òjò bo àgbègbè náà, ilé epo kan sì gbiná lẹ́bàá oríta yìí. Àwọn tí omi àti iná pa ju 150 lọ. Ẹni tí ó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ lẹ́yìn irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fàájì ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ó ti gbé ilé àti àjò lé orí ìwọ̀n, ó sì mọ èyí tí ó tẹ̀wọ̀n jù fún ìgbà yìí.

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Kí òyìnbó tó kúrò ní Gold Coast ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin ti ń ná ọjà Accra, Kumasi àti Tamale. Wọ́n ń ra ọjà lódidi, wọ́n sì ń tà á ní wẹ́wẹ́ dé àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kò yà sí. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ Twi ju bí wọ́n ti gbọ́ èdè baba wọn lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù November, 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì pé oṣù méjì lórí àlééfà, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún di ẹni tí a fún ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjà tí kò ṣeé gbé di títà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí oníbàárà jẹ di ohun tí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó bàbá, ìyá àti ọmọ gba Togo àti Dahomey kọjá wá sílé.

Ilé wo ni wọ́n wá bá? Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì parí. Inú oṣù January, 1970 ni ó tó rọlẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde sí owó orí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a lé ti wá, rògbòdìyàn owó orí ti gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún tí ó wà lórí ìtẹ́ nínú ọdún 1969 kan náà. Ìlú tí ó pàdánù ọba rẹ̀ ni wọ́n fi ẹrù wọn sọ̀ sí. Àwọn ọmọ tí a bí ní Ghana di àlejò ní ìlú baba wọn. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn kan tún di ẹrù wọn, wọ́n tún gba ọ̀nà àjò lọ. Ta ni yóò bá wọn wí? Òwe Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko; ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kúrò lóko láìjẹ́ kí ó kórè, bí ó bá délé, kì í ṣe ìsinmi ni ó bá níbẹ̀, ebi ni.

Kí ni Ghana fi í jèrè? Àwọn olóko kòkó rẹ̀ wá alágbàṣe títí. Nígbà tí yóò fi di January, 1972, àwọn ológun ti gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Bẹ́ẹ̀ ni Busia fúnra rẹ̀ ti sá fún Nkrumah lọ gbé ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó di olórí ìjọba, Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kú sí ní 1978. Ẹni tí ilẹ̀ olómìíràn gbà ní ẹ̀ẹ̀mejì ni kò lè gba aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọwọ́ Nàìjíríà mọ́. Ní oṣù January, 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, tí ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́nà, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, gẹ́lẹ́ bí Busia ti ṣe. Àwọn ọmọ Ghana tí ó kó ẹrù wọn tó mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí ń jẹ́ Ghana-must-go títí di òní. Ní 1985, ìjọba ológun tún lé àwọn mìíràn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ sí 1969 kí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo 1983.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí ti 1983 tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù May, 1979, ní ìlú Dakar, àwọn olórí ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àti pé ní ìpele-ìpele, yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀, yóò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 2013, Ghana ṣe òfin pé àjèjì tí yóò ra ọjà, tí yóò sì tà á, gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là ó kéré tán, kí ó sì gba ogún ọmọ Ghana síṣẹ́. Ta ni ó ní mílíọ̀nù kan dọ́là tí yóò wá pààrọ̀ gíláàsì fóònù ní Odawna?

Nígbà tí ó di August, 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, ọjà àwọn ọmọ Ghana sì há sí ọ̀nà. Ní December ọdún náà, àwọn oníṣòwò Ghana ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní àgbègbè oríta Nkrumah. Ní August, 2020, ìjọba Ghana tún ti òmíràn. Àwọn aláṣẹ Abuja ni wọ́n ti Sẹ̀mẹ̀ pa, ará Odawna ni ó san owó rẹ̀. Ní òpin July, 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra, wọ́n ń pariwo pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ.

Òtítọ́ kò ní í ṣàì wí pé oníṣòwò Ghana ní ẹjọ́ tirẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gun òkè, ọjà kò tà, ọmọ onílùú sì fẹ́ jẹun ní ìlú rẹ̀. Bí ọmọ Nàìjíríà kan bá ṣe ibi, kí ọlọ́pàá mú un, kí adájọ́ dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kò lè di àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí olúkúlùkù sá. Ṣùgbọ́n sísá kì í ṣe pípadà. Ẹni tí ó padà ni ẹni tí ó yan ọjọ́, tí ó ta ọjà rẹ̀ ní iye tí ó tọ́ sí i, tí ó gba gbèsè rẹ̀, tí ó sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. Ọjọ́ tí ọjà dákẹ́ rọ́rọ́ ni a ń ro irú ìrò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìlú ń gbóná. Nítorí náà, ó yẹ kí ará Odawna ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ pípé, kí ó má ṣe kó gbogbo owó rẹ̀ sí ọjà kan ṣoṣo, kí ó ní òrùlé bí ó ti wù kí ó kéré tó ní ilé, kí ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè tí yóò fi kí bàbá àgbà rẹ̀. Bí ó bá ṣe èyí, yálà ó dúró tàbí ó lọ, òun ni ó yàn.

Iṣẹ́ tí ó kù, iṣẹ́ àwọn tí ó ń bèèrè ìbò ni. Kí Abuja àti Accra mú àdéhùn 1979 ṣẹ, tàbí kí wọ́n jẹ́wọ́ ní gbangba pé ìwé lásán ni. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń pè wọ́n wálé fi owó tí wọn yóò yá oníṣòwò hàn, àti iná tí kì í kú, àti ọ̀nà tí ó dé ọjà, àti ìsọ̀ tí olóṣèlú kò tíì pín fún ẹbí rẹ̀. Olùdìbò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìníṣà gbọ́dọ̀ bi gbogbo ẹni tí ó bá wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìbéèrè kan: kí ni o ti pèsè sílẹ̀ fún ẹni tí o ní kí ó máa bọ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó mú ìbò rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Títí ìdáhùn yóò fi dé, kí àwọn tí ó jókòó síbi tí ó rọ̀ ṣíwọ́ pípàṣẹ ìrìn fún ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀.