Àkọlé Ìṣẹ̀ṣe: Orúkọ Ṣáájú Oríkì

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò.

Mo kọ àròkọ kan nípa Agẹmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ìpàdé wọn ní Ìmọ̀sàn. Ọ̀rọ̀ náà kún, ṣùgbọ́n àkọlé tí mo fún un ni “Ẹ Jẹ́ Kí A Padà Sídìí Orísun Wa, Kí Iná Àwọn Baba Wa Má Baà Kú Mọ́ Wa Lójú”. Ọmọ àbúrò mi tí ó ń kàwé ní Agó-Ìwòyè nílò àròkọ náà fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tẹ “ọdún Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú” sínú Google. Nígbà tí ó yá, ó pè mí: “Bàbá, mo wá a títí, n kò rí i.” Ohun tí ó rí ni ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí ó pe Agẹmọ ní àjọ̀dún ẹ̀mí àìmọ́. Onítọ̀hún kò mọ Agẹmọ, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ Agẹmọ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, n kò dárúkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe wa. Oríkì ni a ń fi ṣe àkọlé, bẹ́ẹ̀ orúkọ ni ẹni tí ń wá nǹkan ń pè. Àkọlé ńlá sì wà lára ohun tí ẹ̀rọ ìwádìí ń wò láti mọ ohun tí ìwé kan dá lé lórí.

Ẹ wo Ifá. Odù 256 ni, ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ wọn kò sì níye. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀, babaláwo kì í fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Odù ni yóò kọ́kọ́ pè: Ogbè Méjì, Ìwòrì Méjì, Ọ̀sá Méjì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n ó ti tó láti mọ ibi tí ẹsẹ wà. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí a kò bá sọ lórúkọ kò ṣeé wá kàn.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, orúkọ nìkan pàápàá kì í tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ẹnìkan bá tẹ “ogun” lásán, ó lè jẹ́ Ògún òrìṣà irin, ogun tí a ń jà, ogún tí a ń jẹ, tàbí Ògùn tí í ṣe odò àti ìpínlẹ̀. Bí ó bá tẹ “Ijebu-Igbo”, igbó wa lè di ẹ̀yà Igbo lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí orúkọ nǹkan àti orúkọ ibi jọ wà nínú àkọlé: “Ọdún Ògún ní Ìjẹ̀bú-Igbó”, “Ìsìn Olókun ní Ogun Waterside”. Kí a má sì yọ àmì ohùn kúrò. Àwa tí a ń jà fún èdè ni ó yẹ kí a kọ ọ́ pé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún, tí í ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, “Ìṣẹ̀ṣe Làgbà” ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe àkọlé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ogún ọmọ inú agbo ilé kan bá ń jẹ́ Táíwò, ta ni yóò dáhùn bí a bá pè é?

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ awo kì í ṣe ohun tí a ń pariwo, àti pé àkọlé ṣókí kò ní iyì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n orúkọ Agẹmọ kì í ṣe awo; ohun tí ó wà nínú ẹní ni awo. Obìnrin kì í wo Agẹmọ, síbẹ̀ kò sí ìyá Ìjẹ̀bú tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ajíhìnrere mọ agbára orúkọ ṣáájú wa. Nígbà tí Henry Townsend dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni ó pè é: ó sọ ohun tí ó jẹ́, ó sì sọ àwọn tí ó wà fún. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run tiwọn. Àwọn ẹlòmíràn ni ó kọ àkọlé lé òrìṣà wa lórí, títí di òní a kò tíì pa á rẹ́ tán. Gbólóhùn tí àwọn oníṣẹ̀ṣe wá fi ń dáhùn kúrú: “Èṣù Kì í Ṣe Sàtánì”. Ó dárúkọ, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní àkọlé ńlá kan ṣoṣo. Kí ó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ, nítorí Google a máa gé èyí tí ó bá gùn jù. Kí orúkọ ṣáájú, kí ibi tẹ̀lé e, kí oríkì wọ inú ọ̀rọ̀, níbi tí àyè ti gbà á. Èmi náà ti yí tèmi padà sí “Ọdún Agẹmọ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú”. N kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìyókù.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà bá dá a lóhùn. Àwọn ọmọ wa ń béèrè lójoojúmọ́ lórí fóònù wọn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àwa ni a óò dá wọn lóhùn. Àṣẹ.