Ẹ Má Ṣe Gba Pẹ́ńsù Lọ́wọ́ Ọmọ Náà



Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í yé ya òdòdó. Ó ń yà á sí ẹ̀yìn ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ó ń yà á sí ara ògiri. Bàbá rẹ̀ ti fa ìwé kan ya mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Arábìnrin kan sì sọ fún ìyá náà pé àwòrán yíyà àti ère gbígbẹ́, ọ̀nà ìbọ̀rìṣà ni méjèèjì. Ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ yìí ni?"

A kò fi ìkánjú dá a lóhùn, nítorí àwa pẹ̀lú ti fi ìkánjú dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè wa yìí, kí a tó ṣí Bíbélì.

Ní Ìsẹ̀-Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, agbẹ́gilére tí àwọn ọba ń wá kiri. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀. Ó kú ní ọdún 1938. Òun ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó kan, Captain Ambrose, tí àwọn ènìyàn gbé rù wá kí ọba. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà mọ́. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó wà di òní.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni àwo onídèérí kan tí ó gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1925, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Washington ní Amẹ́ríkà ni ó wà. Àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n gbé àwo náà rù. Lórí ìdérí rẹ̀, àwọn obìnrin dúró bí ẹni ń jó. Láàárín àwọn tí ó kúnlẹ̀, orí ènìyàn kan dá wà, ó ń yí gbirigbiri, kò sì sí ibi tí ó lè gbà jáde. Kì í ṣe pé ó gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀ kí ó tó tì í bọ ibẹ̀. Igi kan náà ni! Àlàfo àárín àwọn ère ni ó ń ki ọ̀bẹ gbà títí orí náà fi dá dúró. Bí ọ̀bẹ bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ bàjẹ́. Ọwọ́ tí a bá ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kékeré kò lè ṣe irú èyí lágbà.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Ṣé kì í ṣe ojúbọ ni irú àwo bẹ́ẹ̀ ń lọ?" Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi irú rẹ̀ sí ojúbọ, àwọn mìíràn sì ń fi í gbé obì fún àlejò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Mósè rọ ejò idẹ (Númérì 21). Nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i, Hesekíà fọ́ ọ túútúú (II Ọba 18). Idẹ kan náà ni. Ọkàn àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Ìforíbalẹ̀ fún ère ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́.

Ẹ ka Ẹ́kísódù 31. Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Besaleeli kí ó lè gbẹ́ igi, kí ó sì gé òkúta. Ní orí 25, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a ṣe ìtànná òdòdó sí ara ọ̀pá fìtílà. Nínú I Ọba 6, òdòdó tí ó là ni Sólómọ́nì gbẹ́ yí ògiri tẹ́ḿpìlì ká. Òdòdó tí ọmọ yìí ń yà kò ṣàjèjì ní ilé Ọlọ́run. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì pẹ̀lú, láti ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ, bíi Bándélé ọmọ Àreògún. Ọgbọ́n tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Jésù sí ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, a sọ fún ìyá náà pé kí ó má gba pẹ́ńsù. Kí ó kọ́ ọmọ náà pé ìwé ni a ń ya nǹkan sí, kì í ṣe ògiri. Kí ó parí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná. Kí ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni a ń forí balẹ̀ fún. A ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ti ra ìwé mìíràn dípò èyí tí ó fà ya. A dúpẹ́.

Ẹ̀yin òbí, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ já òdòdó kan ní àgbàlá yín wá sí ibi àdúrà ìdílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa, kí wọ́n sì yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Mátíù 6, níbi tí Olúwa wa ti ní kí a kíyè sí àwọn lílì. Ẹni tí kò bá wo òdòdó, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìwàásù yẹn yé?

Kí Olúwa la ojú wa sí ẹ̀bùn tí ó fi sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí a má ba à fi ọwọ́ ara wa pa á. Àmín.