Ọmú Tó Wúwo Jù: Iṣẹ́ Abẹ Ńkọ́?

Àwọn tí ọmú wọn wúwo ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn. Wọ́n wà ní Bódìjà, wọ́n wà ní Dùgbẹ̀. Okùn kọ́mú ti gbẹ́ kòtò sí wọn léjìká, ọrùn ń ro wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, abẹ́ ọmú ń bó nígbà ooru. Wọ́n délé, ọkọ ní ohun tó wu òun nìyẹn. Ṣé ọkọ ló ń gbé e kiri ni?

Ìpara tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò láti Challenge dé Ring Road kò lè ṣe é. Iṣẹ́ abẹ ló wà fún un. Irú àwọn dókítà tó ń ṣe é wà ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Wọ́n á fi oògùn kun obìnrin náà lóorun, wọ́n á gé awọ, ọ̀rá àti ẹran ọmú kúrò, wọ́n á wá gbé orí ọmú sókè síbi tó yẹ.

Orí ọmú yìí gan-an ni wàhálà wà. Ní 1922, Max Thorek ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọ̀nà tirẹ̀: kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n wá rán an padà, bí aránṣọ ṣe ń lẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n irú orí ọmú bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ nǹkan lára mọ́, ọmọ kò sì lè mu ún. Ní 1975, Liacyr Ribeiro ní Brazil gbé òmíràn jáde: kí orí ọmú má kúrò lára ẹran ìsàlẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Ìyẹn gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ti Thorek kò tíì kú o. Wọ́n ṣì ń lò ó fún ọmú tó tóbi kọjá ààlà.

Ewu ńkọ́? Ó wà. Egbò lè pẹ́ kó tó jinná, pàápàá níbi tí ojú rírán ti pàdé lábẹ́ ọmú. Ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, kòkòrò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orí ọmú lè kú. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù kò ju ohun tí wíwẹ egbò àti sùúrù á wò. Àpá sì máa ń wú lára ènìyàn dúdú ju òyìnbó lọ: ẹni tí etí rẹ̀ wú nígbà tó lu ú, kó sọ fún dókítà. Kí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà má fi pamọ́. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó béèrè dáadáa, torí omi ọmú lè má tó ọmọ.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ṣe é ló ní ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn lọ sílẹ̀. Kí aláṣọ tó bá fẹ́ ṣe é tètè wá ẹni tí yóò máa bá a gbé bẹ́ẹ̀lì, nítorí kò ní gbé ẹrù wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.