Níbo Ni Òǹwòran Yóò Dúró Sí?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ rélùwéè orí tábìlì ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, òwe náà sì bá a mu rẹ́gí.

Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà ń bẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún to rélùwéè kékeré sínú yàrá, pẹ̀lú òkè, odò, ilé àti téṣàn rẹ̀. Oríṣi tí ó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní HO. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti rélùwéè gidi. Ẹni tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ní tó íǹṣì 1 níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ń gba owó, ó sì ń gba àkókò. Ẹni tí ó bá kan ojú irin mọ́ pákó láìrò ó tẹ́lẹ̀, àbámọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ pinnu ni ibi tí òǹwòran yóò dúró sí. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún yín ni ọwọ́ òsì àwọn ọmọ tí ó kọjú sí yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti rélùwéè. Ká ní ojú irin náà rí roboto bí òrùka. Bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn òrùka bá rí i pé rélùwéè ń lọ sí ọ̀tún, ẹni tí ó dúró sí àárín yóò rí i pé òsì ni ó ń lọ.

Kí ni ewu rẹ̀? Lórí àwòrán ilẹ̀ tí a fi kọ́ ara ògiri, ìlà-oòrùn ni ọwọ́ ọ̀tún. Bí rélùwéè tí a ní ó ń lọ sí ìlà-oòrùn bá ń sá sí ọ̀tún níhìn-ín, tí ó tún ń sá sí òsì lọ́hùn-ún, òǹwòran yóò bi ara rẹ̀ pé, ṣé ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀? Nítorí náà, ẹ yan ẹ̀yìn tàbí àárín. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Bí ènìyàn bá lè rìn yí tábìlì ká, ẹ fi páálí gíga tí a kùn bí ojú ọ̀run la àárín rẹ̀ já. Ìlú kan yóò wà ní apá kan, òmíràn ní apá kejì, ọ̀tún yóò sì máa jẹ́ ọ̀tún níhà méjèèjì.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í kọ ẹ̀yìn ọjà sí oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí ojú ilé kọ sí òǹwòran, kí ohun kúkúrú wà níwájú, kí òkè wà lẹ́yìn. Bí títì bá lọ tààrà kan páálí, àṣírí tú. Ẹ jẹ́ kí ó yà sẹ́yìn ilé kan. John Allen, ará Monterey ní Kalifọ́níà, tí ó kú ní 1973, a máa fi dígí mú kí ìran rẹ̀ dà bí ẹni pé ó gùn sí i. Ṣùgbọ́n dígí kò lè tan ẹni tí ó dúró sí ibi tí kò yẹ.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú irin Èkó tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 han àwọn ọmọ, bí wọ́n bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Ìbàdàn yóò wà ní ọ̀tún wọn; bí ó bá jẹ́ ìlà-oòrùn, yóò wà ní òsì. Èyíkéyìí dára, bí a kò bá ti yí i padà.

Kí ẹ tó mú ìṣó, ẹ to páálí bí ilé sórí tábìlì, kí ẹ sì pe ọmọ kan kí ó wá wò ó. Páálí rọrùn láti sún. Ohun tí a ti kàn kò rọrùn láti tú. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.