Ẹ Yé Pe Olóorun Ọ̀sán ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè gbé e mì. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀sán sùn ní ilé ibùgbé wa, ẹ̀rín la ó fi rín in, a ó ní, "Ọ̀lẹ dé!" Èmi pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà a máa sùn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kì í jẹun, kì í bá wa ṣeré mọ́. Mo sọ ọ́ ní Bàbá Ibùsùn. Dókítà ló wá là wá lójú pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pé àìsàn ni bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Ojú tì mí.

N kò wí pé gbogbo oorun ọ̀sán ni àrùn o. Oorun ráńpẹ́ bí 20 ìṣẹ́jú a máa mú orí fúyẹ́. Èyí tí ó bá di wákàtí 3 a máa jí oorun òru gbé. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wa pé kí a ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, kí a kàwé mọ́jú?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń ta, tí ìwé kò yé mọ́, tí oorun sì ń kùn bí wọ́n tilẹ̀ ti sùn tó. Ó ha pè wọ́n ní ọ̀lẹ bí?

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sí kíláàsì. Kò tíì dárí jì mí tán.