Alárùú Kì í Ṣe Akọ̀wé

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa gbà pé iṣẹ́ yòówù tí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dá ṣe, shell ti tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, èdè wa ni mo sì ń gbèjà.

N kò tàbùkù shell. Láti ọdún 1979 tí shell ti Bourne ti jáde pẹ̀lú Unix, títí dé Bash ti ọdún 1989, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe ètò kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ó kó fáìlì, kí ó sì ṣe ẹ̀dà wọn. Alárùú gidi ni, ṣùgbọ́n a kì í fi alárùú ṣe akọ̀wé.

Bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Kambolé ní Tchamba, tí ẹlòmíràn tẹ ìyókù ní Sokodé, «ẹ́» kan ṣoṣo tí ojú rí lè jẹ́ «ẹ» tí a fi àmì ohùn lé, ó sì lè jẹ́ «e» lásán tí a fi àmì méjì kún. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Grep yóò rí ọ̀kan, yóò fo èkejì. Àṣẹ tr ti GNU, tí ń ka báìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gé lẹ́tà náà wẹ́wẹ́. Bí a bá sì ní kí a kúkú yọ àmì kúrò, igbá, igba, ìgbà àti igbà di ọ̀kan náà. Ta ni yóò wá sọ èyí tí bàbá wí? Python, tó jáde ní 1991, ní unicodedata, tí ń sọ ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan bí a bá pè é.

Wọ́n á ní shell yára kọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yára bàjẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àkójọ àṣẹ shell ti Steam lórí Linux pa fáìlì àwọn ènìyàn rẹ́, nítorí pé àyè kan ṣófo, shell sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí àṣẹ kan bá kùnà nínú Python, yóò dúró, yóò sì ké gbàjarè.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìlà díẹ̀ tí ń kó fáìlì kiri, ẹ pe shell. Níbi tó bá ti kan ọ̀rọ̀ inú fáìlì, ẹ pe Python. Ẹrù tó bá já, a lè tún un dì. Ohùn tí a bá pa rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àgbà tó ti lọ, kò sí ẹni tí a óò tún bi.