Oníbàárà Ní Í Sọ Amọ̀kòkò Di Ẹni Iyì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, tí ó ti Ajah kọjá sí Ṣàngótẹ̀dó títí tí ó fi wọ Awoyaya, yóò rí i bí ilé ńláńlá ti ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti bí ilé oúnjẹ òun gbọ̀ngàn àsè ti ń pọ̀ sí i níbi tí ó jẹ́ oko àti abúlé apẹja láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, tí wọ́n sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àwo tí wọ́n fi bù ú jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Èrò tèmi ni pé kí àwọn tí Ọlọ́run fi owó kẹ́ lágbègbè yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ àwo ìjẹun fún àwọn amọ̀kòkò wa, kí wọ́n san owó tí ó tọ́ sí i, kí wọ́n sì ní sùúrù dè é.

Àwa tí a ń kí aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà rere kò wá, tí a sì ń ki Ọbàtálá ní Alámọ̀ rere, kò yẹ kí iṣẹ́ amọ̀ di ìgbàgbé lọ́wọ́ wa. Ìtàn Ifẹ̀ wí pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ni ó ní kí wọ́n to àpáàdì sílẹ̀ ìlú kí ẹsẹ̀ òun má baà kan ẹrẹ̀, àpáàdì náà sì wà nílẹ̀ Ifẹ̀ di òní. Ìpetumodù, Ìsàn-Èkìtì àti Ìlọrin kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun àjèjì nínú kí ènìyàn tọ amọ̀kòkò lọ pé, “Irú báyìí ni kí o mọ fún mi.” Abátàn, ìyá àgbà Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Yewa, àwọn olórìṣà ni ó ń wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kí ó mọ àwo ọta òrìṣà Eyinlẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì yọrí dé ibi tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Yale, fi kọ̀wé lé e lórí.

Ẹ wo Ladi Kwali, amọ̀kòkò mìíràn, pẹ̀lú. Nígbà tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Abuja àtijọ́ ní 1950, èyí tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, ààfin Ẹ́míà Suleiman Barau ni ó ti rí ìkòkò obìnrin náà. Èyí ni pé kí òyìnbó tó dé, ẹni tí ó mọ iyì iṣẹ́ ti rà á, ó sì ti gbé e sílé. Ní 1954 ni Ladi Kwali wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, àwòrán rẹ̀ sì ni a ń rí lẹ́yìn owó ogún náírà. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ra ìkòkò rẹ̀, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní àwo tí a fi ọwọ́ mọ wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo làálàá tí ó wà nídìí rẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Yanrìn ni ó pọ̀ jù ní etíkun Lẹ́kì, nítorí náà amọ̀kòkò Awoyaya ní láti wá amọ̀ rere láti ibòmíràn. Yóò sẹ́ ẹ, yóò pò ó títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú rẹ̀, yóò mọ ọ́n lórí kẹ̀kẹ́, yóò sì rọra sá a, nítorí bí etí àwo bá yára gbẹ ju ìdí rẹ̀ lọ, yóò wọ́. Amọ̀ a máa sún kì bí ó bá gbẹ tí iná sì mú un, nítorí náà àwo tí yóò fẹ̀ bí a ti fẹ́, ó gbọ́dọ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó wà ní tútù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wọ iná: ìgbà kìíní ní nǹkan bí 1,000°C, ìgbà kejì, lẹ́yìn tí a ti fi omi èròjà tí ń di dígí kùn ún, a máa kọjá 1,200°C bí a bá fẹ́ kí ó le bí òkúta. Àwọn kan a máa là nínú ààrò, amọ̀kòkò ni ó sì ń jẹ gbèsè wọn.

Mo gbà pé àwo ilẹ̀ Ṣáínà dọ́pọ̀, n kò sì dá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́bi. Àwọn tí ń fi òkúta dídán tẹ́ ilẹ̀ ilé ni mò ń bá wí. Èbúté Lẹ́kì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2023 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì níbí. Bí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà wa, bí a kò bá mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́dọ̀ amọ̀kòkò, ọjà òkèèrè ni yóò gba gbogbo tábìlì. Síbẹ̀, àwo tí a kó dé nínú páálí kì í mọ irú oúnjẹ wa: abọ́ jíjìn tí gbẹ̀gìrì àti ewédú yóò jókòó sí, àwo tí iyán kò ní tètè tutù nínú rẹ̀, abọ́ ìṣanwọ́ tí ó bá wọn dọ́gba, ta ni yóò mọ ọ́n fún wa bí kì í bá ṣe ẹni tí ń jẹ ẹ́?

Owó fún ọlọ́jà, ọjà fún olówó. Kí oníbàárà sọ iye tí ó fẹ́ àti ohun tí yóò fi jẹ. Kí ó béèrè bóyá òjé wà nínú èròjà tí a fi kùn ún, nítorí májèlé ni òjé. Kí ó san ìdajì owó sílẹ̀ kí amọ̀kòkò lè ra amọ̀ àti gáàsì. Kí ó má sì bínú pé àwo méjì kò jọra bí ìbejì. Ẹ̀yin onílé oúnjẹ àti onígbọ̀ngàn àsè Awoyaya, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ jùlọ: kí ẹ tó tún ra àwo mìíràn láti òkèèrè, ẹ gbé iṣẹ́ kan, bí ó tilẹ̀ kéré, fún amọ̀kòkò tí ó wà nítòsí yín, nítorí iṣẹ́ tí a kò bá rà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lónìí, a kò lè retí kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́la.